Ọwọ́ Tó Wà Láàárín Ìwé

Atúnwèéṣe tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, ó to ọ̀bẹ pẹlẹbẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti sísọ́ọ̀sì rẹ̀ sí apá ọ̀tún, ó wá gbé aláìsàn ọjọ́ náà síwájú ara rẹ̀. Ìwé alàwòrán kan ni, ó nípọn bí odindi búrẹ́dì. Kò tíì ṣí i tán tí ewé méjì fi yọ̀ kúrò láàárín rẹ̀, tí wọ́n sì balẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì.

"Ìwọ náà tún dé?" ló bi ìwé náà. "Kí ni mo fi ṣẹ̀ ọ́?"

Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé tí ìwé yìí máa wá gba ìtọ́jú. Ẹ̀yìn ilé ìkàwé ni yàrá iṣẹ́ náà wà, fèrèsé rẹ̀ kan ṣoṣo sì kọjú sí ibùdókọ̀. Ẹ̀rọ onírin ńlá kan jókòó síbẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń fún ìwé mọ́ra, tí ọwọ́ rẹ̀ rí róbótó bí ìdarí ọkọ̀. Ọwọ́ àwọn tó ń ta irin àlòkù ni Atúnwèéṣe ti rà á nígbà tó ti dípẹtà, ó sì fi epo pa á lára títí ó fi ń yí wẹ́rẹ́. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Ṣe ló ń tú ìwé àlòkù palẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọmọdé ṣe ń tú rédíò bàbá rẹ̀, kó lè mọ ohun tó so wọ́n ró. Tó bá rí ìwé tó ṣí dáadáa, inú rẹ̀ á dùn títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Ọ̀gá ilé ìkàwé yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀dọ́bìnrin jẹ́jẹ́ ni, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í sì í pọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kì í ṣe òun náà nìyẹn?"

"Òun náà ni."

"Mo ti wá òmíràn títí. Àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde ti kógbá wọlé, kò sí lọ́jà mọ́. Èyí nìkan la ní. Ṣùgbọ́n ìwé tí ewé rẹ̀ ń já bọ́, mi ò lè máa gbé e fún èèyàn. Ewé kan á sọnù, ìtàn á di àbọ̀. Tó bá tún fọ́ lẹ́yìn èyí, a ní láti yọ ọ́ kúrò ńlẹ̀ ni."

"Kò ní fọ́ mọ́."

"Bẹ́ẹ̀ náà lẹ wí nígbà tó kọjá," ni Ọ̀gá wí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sì lọ.

Atúnwèéṣe mú awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá, ó fi wo ẹ̀yìn ìwé náà. Gọ́ọ̀mù tó fi lẹ̀ ẹ́ nígbà tó kọjá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń fi iná yọ́, tó bá sì tutù, á le bí èékánná. Ìwé tí irú gọ́ọ̀mù yẹn bá dì mú, ó yẹ kó pẹ́ kí ó tó tú. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù yìí ti yọ́. Ó ti ṣàn wọ àárín àwọn ewé bí àbẹ́là. Ibi tó sì ti fọ́ ní ìgbà kìíní àti ìgbà kejì, ibẹ̀ gan-an ló tún ti fọ́. Ó gbé ewé méjì tó já bọ́, ó yẹ̀ wọ́n wò. Létí ọ̀kan, àmì pupa rúsúrúsú kan wà níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó bí iwájú ọkọ̀ ojú omi.

"Wọ́n ti ń dáná sun mí níwèé," ló wí fún ẹ̀rọ onírin náà. "Mo máa mú olúwa ẹ̀."

Ní Sátidé, lẹ́yìn tí oòrùn kọjá orí, ó kó ewé méjèèjì sínú páálí pẹlẹbẹ, ó gòkè lọ sí yàrá Ẹgbẹ́ Òǹkàwé. Ìwé yẹn náà ni wọ́n ń kà láti ọjọ́ yìí, ọwọ́ wọn nìkan ló sì ń bọ́ sí. Mẹ́rin ni wọ́n lọ́jọ́ náà: Tíṣà-àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì tó sì ń ṣe aṣíwájú wọn, Nọ́ọ̀sì, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tibi iṣẹ́ dé, Dírẹ́bà, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ máa ń ṣíwájú rẹ̀ wọlé, àti Bàbá Télọ̀, bàbá tó bí Atúnwèéṣe.

"Ta ni mo rí yìí?" ni Bàbá Télọ̀ wí. "Ọjọ́ wo lẹni tó ń tún ìwé ṣe di ẹni tó ń kà á?"

"Ẹ ṣáà máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ, Bàbá. Mo wá fetí sílẹ̀ ni."

Atúnwèéṣe kò ka ìwé náà rí, nítorí náà Tíṣà-àgbà ṣàlàyé rẹ̀ fún un. Obìnrin Júù kan ló yà á nígbà tó darúgbó. Ó fi àwòrán ròyìn bí òun ṣe yè nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí ìjọba Násì ń pa àwọn Júù nípakúpa. Wọ́n pàṣẹ kí gbogbo Júù rán ìràwọ̀ mọ́ àyà ẹ̀wù wọn kí wọ́n lè dá wọn mọ̀ láàárín èèyàn, bàbá rẹ̀ tó jẹ́ télọ̀ ló sì rán ti òun àti ti ọmọ rẹ̀. Ó wá di ọjọ́ kan tí wọ́n ní kí gbogbo àdúgbò tò lọ sí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí àwọn sójà ń dà wọ́n lọ bí ẹran. Bàbá náà wọ ọkọ̀ yẹn, kò padà mọ́ títí ayé. Ọmọ náà, ọmọ ọdún méje, kò wọ̀ ọ́. Alágbàfọ̀ kan tí ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà ló fà á wọlé, tó sì gbé e pamọ́ sẹ́yìn àwọn agbada omi gbígbóná títí ogun fi parí.

"Èmi kọ́kọ́ rò pé àwòrán, eré ọmọdé ni," ni Tíṣà-àgbà wí. "Mo ṣí i lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀. Oúnjẹ ọ̀sán wá, ó kí mi, ó kọjá lọ."

"Tèmi tún burú," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ibi iṣẹ́ ni mo ti kà á. Mo ń sunkún, aláìsàn ló dìde lórí bẹ́ẹ̀dì tó ń sọ fún mi pé kí n mu omi díẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́, torí wọ́n ti dé orí ọ̀rọ̀ tó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá: ojú ewé méjèèjì tí wọ́n kọjú síra, tí kò ní ọ̀rọ̀ kankan. Bàbá wà ní òsì láàárín èrò tí wọ́n ń dà lọ. Ọmọ wà ní ọ̀tún, lẹ́bàá ọ̀nà, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ẹnu ọ̀nà alágbàfọ̀. Apá bàbá nà sọ́nà ọ̀dọ̀ ọmọ, ó sì wọ àárín ìwé lọ. Ibẹ̀ ni ojú kì í ti í rí nǹkan kan mọ́. Ewé méjèèjì tó wà nínú páálí náà ni, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù tó bo etí wọn ti gbé ọwọ́ náà mì.

"Ohun tí mo wí náà ni mo ṣì ń wí," ni Dírẹ́bà wí. "Ojoojúmọ́ ni mò ń gbé èrò, mo mọ ohun tí ẹ̀rù ń fi èèyàn ṣe. Ẹ̀rù ba ọkùnrin yẹn, ó jọ̀wọ́ ọmọ."

"Ẹnu ẹ ń yọ̀," ni Bàbá Télọ̀ wí. "Télọ̀ ni o. Télọ̀ kì í jọ̀wọ́ ohun tó bá mú."

"Ṣé ẹ̀rù kì í ba télọ̀ ni?"

"Oníbàárà tó fẹ́ gba aṣọ lónìí nìkan ló ń bà á lẹ́rù. Ọkùnrin yẹn di ọmọ ẹ̀ mú. Ọmọ ló já ara ẹ̀ gbà."

"Ẹ̀yin méjèèjì, sójà ló fà á já," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Àbí ẹ ò rí ojú bàbá yẹn?"

Bàbá Télọ̀ kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọmọ rẹ̀ wò ó, ó sì mọ ohun tó ń ṣe é. Ọmọ ọdún márùn-ún ni òun nígbà tí ìyá òun kú. Tí àwọn méjèèjì bá ń lọ síbi tí èrò pọ̀, Bàbá a máa fi pélébé aṣọ so ọwọ́ òun mọ́ ọwọ́ tirẹ̀. Gbogbo ohun tí ọkùnrin yìí mọ̀ nípa jíjẹ́ bàbá kò ju ìyẹn lọ: kí èèyàn má tú ọwọ́. Bí bàbá inú ìwé bá jọ̀wọ́ ọmọ, a jẹ́ pé ẹnì kan tó jọ Bàbá nínú iṣẹ́ àti nínú ìpọ́njú ti ṣe ohun tí Bàbá kò lè dárí jì. Bàbá fẹ́ mọ̀. Bí wọ́n bá sì yọ ìwé náà kúrò ńlẹ̀, kò ní mọ̀ láé.

"Ẹ dákun," ni Atúnwèéṣe wí, ó sì gbé páálí náà ka iwájú wọn. "Ta ló ń fọ́ ìwé mi?"

Kálukú bẹ̀rẹ̀ sí í wo èékánná ara rẹ̀.

"Mo fi orúnkún tẹ̀ ẹ́ díẹ̀," ni Nọ́ọ̀sì wí nígbà tó yá. "Kí àárín ẹ̀ lè ṣí."

Tíṣà-àgbà fọwọ́ pa ojú. "Mo gbé ìwé atúmọ̀ èdè lé e mọ́jú."

"Èmi gbé e sábẹ́ táyà," ni Dírẹ́bà wí.

"Kí lẹ wí?" ni Atúnwèéṣe bi í.

"Táyà àfirọ́pò ni! Kò sí lẹ́sẹ̀ ọkọ̀!"

Atúnwèéṣe gbé ewé tó ní àmì rúsúrúsú sókè. "Èyí kì í ṣe orúnkún, kì í sì í ṣe táyà. Iná ló jó o. Ẹ wo bó ṣe rí, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó báyìí..." Ó ti mọ ohun tí ẹnu rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Inú ilé tó ti dàgbà, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló ń rí i lórí tábìlì. Ó yíjú sí bàbá rẹ̀.

"Bàbá. Ẹ lọ ìwé?"

Bàbá Télọ̀ wúkọ́. "Mo tẹ́ aṣọ lé e kí n tó lọ̀ ọ́. Èmi kì í ṣe ọmọdé."

"Ẹ fi áyọ́ọ̀nù lọ ìwé!"

"Kí ni ǹ bá ṣe? Ohun tó bá ká kò, áyọ́ọ̀nù ló ń nà án. Ó sì ṣí díẹ̀ o! Mo rí ọrùn ọwọ́ ọkùnrin yẹn. Ó kù díẹ̀ kí n rí ìka, ló bá já."

Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Atúnwèéṣe kò bínú tó bó ṣe yẹ, torí ọ̀rọ̀ kan ti sọ sí i lọ́kàn. Òun ti rò pé ọwọ́ àwọn òǹkàwé ló le. Àṣé òun náà, nígbà méjèèjì, òun ń fi gọ́ọ̀mù líle dí ilẹ̀kùn tí wọ́n ń gbìyànjú láti ṣí. Bí òun bá tún lẹ̀ ẹ́, wọ́n á tún fọ́ ọ. Ìwé tí a bá rán ló ń ṣí tán.

"Sátidé tó ń bọ̀," ló wí. "Mo máa ṣí i níwájú gbogbo yín. Ẹnikẹ́ni ò sì ní fi ohunkóhun tẹ̀ ẹ́."

Ní ọjọ́ Ajé, Bàbá Télọ̀ wá bẹ̀bẹ̀ ní yàrá iṣẹ́. Ọmọ rẹ̀ gbé ìjókòó fún un, ó ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Àwọn tó ṣe ìwé yìí gé ẹ̀yìn gbogbo ewé rẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n wá da gọ́ọ̀mù sí i lẹ́yìn, ó parí.

"Kò sí òwú kankan nínú ẹ̀?" ni Bàbá bi í.

"Kò sí."

"Aṣọ tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀! Ta ló jẹ́ wọ irú ẹ̀ jáde?"

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun àkọ́kọ́ tí Atúnwèéṣe béèrè ni áyọ́ọ̀nù. Bàbá wò ó bóyá ó ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n kò ṣe yẹ̀yẹ́. Gọ́ọ̀mù tí iná yọ́ wọlé, iná náà ló máa yọ́ ọ jáde, bí ooru náà bá ti mọ níwọ̀n, tí ìwé nínípọn sì wà láàárín. Ọwọ́ Bàbá mọ ìwọ̀n ooru ju ẹ̀rọ lọ. Ó ń gbé áyọ́ọ̀nù lé e, ó ń gbé e kúrò, gọ́ọ̀mù ń rọ̀ bí ìda, ọmọ rẹ̀ sì ń fa ewé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi igi pẹlẹbẹ họ etí wọn. Lẹ́yìn náà, ó fi sítáàṣì tó sè bí ẹ̀kọ lẹ pélébé ìwé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ẹ̀yìn ewé méjì-méjì, kí wọ́n lè di ewé kan tó ṣeé ká, tí abẹ́rẹ́ á sì rí ibi gbà.

"Ojú rírán nìyí," ni Bàbá wí, ojú rẹ̀ ń tàn. "O ò ṣe sọ fún mi láti ọjọ́ yìí pé télọ̀ ni ìwọ náà?"

Nígbà tí ó lọ sílé lọ mú òwú tó fi ń rán kóòtù, ó ku Atúnwèéṣe nìkan. Ó họ gọ́ọ̀mù kúrò létí ewé méjì tí wọ́n ń jà lé lórí. Ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì rí ọwọ́ náà.

Ọwọ́ náà ṣí. Ìka márààrún là sílẹ̀ gbagada, àtẹ́lẹwọ́ sì wà léjìká ọmọ. Kò dì í mú. Ọmọ kò já ara rẹ̀ gbà, sójà kankan kò sì sí nítòsí. Bàbá náà ń ti ọmọ rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń fi gbogbo agbára tì í sọ́nà ilé alágbàfọ̀.

Lẹ́yìn náà ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, ó ká wọn, ó fi wọ́n sáàárín àwọn yòókù. Nígbà tí Bàbá wọlé, ó wo ojú ọmọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó kọ ẹ̀yìn sí tábìlì.

"O ti rí i."

"Bàbá, mo fẹ́ kí ẹ..."

"Má sọ ọ́! Tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ, Dírẹ́bà á ní ọmọ mi ló ń gbè mí lẹ́yìn. Ojú gbogbo wa la jọ máa fi rí i."

"Tó bá wá jẹ́ pé kò rí bí ẹ ṣe fẹ́ ńkọ́?"

Bàbá fa òwú jáde nínú àpò. "Gbé abẹ́rẹ́ wá," ló wí.

Wọ́n rán an láti ọjọ́ náà títí di ọjọ́ Jímọ̀. Atúnwèéṣe a fi ìlu lu ihò sí ojú ìká, Bàbá a ki abẹ́rẹ́ wọlé, a yọ ọ́, a yí òwú po okùn pẹlẹbẹ tó gba ẹ̀yìn ìwé kọjá, a tún ki í wọlé. Tí ọmọ bá fà á jù, a ní, "Rọra. Òwú tó le jù ló ń ya aṣọ." Tí Bàbá bá fẹ́ ju òwú sí méjì, ọmọ a ní, "Ẹ̀yìn ìwé á wú, Bàbá." Wọ́n ń bá ara wọn jiyàn, wọ́n ń gbádùn ara wọn. Nígbà tó kan ewé méjì náà, ọmọ nìkan ló rán an, Bàbá sì kọ ẹ̀yìn sí i. Nígbà tí páálí ẹ̀yìn wọ̀ ọ́ tán, wọ́n fi sínú ẹ̀rọ onírin, wọ́n yí i pa.

Ní Sátidé, Ẹgbẹ́ Òǹkàwé pé ṣáájú àkókò. Ọ̀gá náà wá, ó dúró lẹ́yìn wọn. Atúnwèéṣe gbé ìwé sórí tábìlì, ó ṣí i sí àárín, ó sì gbé ọwọ́ kúrò. Ìwé náà sùn sílẹ̀ gbalaja. Kò ká, kò dún, ewé kan kò mì.

Gbogbo wọn tẹrí síwájú lẹ́ẹ̀kan náà.

"Ó jọ̀wọ́ rẹ̀!" ni Dírẹ́bà wí. "Mo wí bẹ́ẹ̀, mo ní..." Ohùn rẹ̀ bá wálẹ̀. "Rárá. Títì ló ń tì í."

"Olúwa ò," ni Nọ́ọ̀sì wí.

Bàbá Télọ̀ fi awò rẹ̀ sójú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìwé náà. Ọmọ rẹ̀ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kò mọ ibi tó máa gbé ọwọ́ sí.

"Èmi ì bá dì í mú," ni Bàbá wí nígbẹ̀yìn. "Mo mọ ara mi. Mi ò ní tú ọwọ́."

Gbogbo wọn ló mọ ibi tí ọkọ̀ ojú irin yẹn ń lọ.

Bàbá ṣì ń wo àwòrán náà. Ó wá na ìka, kò fọwọ́ kàn án, ó fi tọ́ka sí àyà ẹ̀wù ọmọ, ní ibi tí gọ́ọ̀mù ti bò mọ́lẹ̀ tẹ́lẹ̀.

"Ta ló rí òwú yìí?"

Kò sẹ́ni tó rí i. Ọmọ rẹ̀ pàápàá, tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ họ gọ́ọ̀mù kúrò níbẹ̀, kò rí i. Ìdí òwú kéékèèké ni, wọ́n yí po bí igun ìràwọ̀, ṣùgbọ́n ìràwọ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ẹ wò ó," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà, ó ti di ohùn ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wò. "Aṣọ ò ya. Tó bá jẹ́ pé ojú ọ̀nà ló ti já ìràwọ̀ yẹn, aṣọ á ya. Abẹ́ ni wọ́n fi tú èyí, ojú rírán lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n wá fi òwú kan tàbí méjì dì í mú kó má baà bọ́ kí àkókò tó tó. Kí wọ́n tó jáde nílé ló ti ṣe é. Ó ti mọ̀ pé òun máa tú u sílẹ̀." Ó yọ awò, ó nu ún, ó sì nu ojú pẹ̀lú. "Iṣẹ́ ni ọkùnrin yìí ṣe. Ó mọ́ tónítóní."

Dírẹ́bà fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn. "Mo ní ẹ̀rù bà á, Bàbá Télọ̀."

"Ẹ̀rù bà á. Ṣé kò ní ba ìwọ?"

"Á bà mí. Ẹ sún díẹ̀, kí n tún un wò."

Wọ́n tún un wò pa pọ̀, orí wọn ń kan ara wọn. Nígbà tí wọ́n kúrò nídìí rẹ̀, Ọ̀gá gbé ìwé náà, ó di èèpo rẹ̀ méjèèjì mú, ó sì gbọ̀n ọ́n bí ẹni ń gbọn aṣọ ọlọ́rinrin. Ewé kankan kò já. Ó lu òǹtẹ̀ sí i, ó gbé e fún Dírẹ́bà tó kọ́kọ́ na ọwọ́, Nọ́ọ̀sì sì ní òun ló kàn, Tíṣà-àgbà ní òun ló tẹ̀lé e.

Lọ́sẹ̀ kejì, wọ́n gbé tábìlì míì wọ yàrá tó wà lẹ́yìn ilé ìkàwé, wọ́n gbé e sábẹ́ fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Gbogbo ìwé alàwòrán tí àárín wọn kò ṣí ni Ọ̀gá kó wá síbẹ̀, ó sì gba Bàbá Télọ̀ síṣẹ́ láti máa rán wọn lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Ìwé télọ̀ àti ọmọ rẹ̀ ti dé ọwọ́ òǹkàwé kẹrin nígbà náà, odindi ló sì ń padà wá ní gbogbo ìgbà.